Táyé Kò Mu Gíga Kẹ́hìndé

Ògbómọ̀ṣọ́,
Ọjọ́rú.

Àdùkẹ́ mi,

Kí n tó kí ọ rárá, jẹ́ kí n kọ́kọ́ ka ohun tí mo rí láàárọ̀ yìí fún ọ, bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra.

Mo rí Táyé ní kíṣìn, ó ń da ẹ̀kọ gbígbóná láti inú abọ́ tirẹ̀ sínú abọ́ Kẹ́hìndé. Kì í ṣe díẹ̀. Ó dà á títí tirẹ̀ fi kù sí ìdí abọ́, ó wá bu omi lé e kí ó lè dà bí ẹni pé ó pọ̀. Mo rí àkàrà mẹ́ta níwájú Kẹ́hìndé ọmọkùnrin, ẹyọ kan níwájú Táyé ọmọbìnrin, bẹ́ẹ̀ méjì méjì ni mo pín fún wọn. Mo rí Kẹ́hìndé lẹ́yìnkùlé, ó fi ọwọ́ méjèèjì rọ̀ mọ́ ẹ̀ka máńgòrò, ó di ojú, ètè rẹ̀ ń mì bí ẹni tó ń gbàdúrà. Mo rí Táyé bó ṣe ń jáde lọ sílé ẹ̀kọ́, ó tẹ orúnkún díẹ̀ lábẹ́ síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kí orí rẹ̀ lè bá ti ìkejì rẹ̀ dọ́gba. Mo rí Ìyá Àgbà lórí àga wọn lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń wò wọ́n lọ, wọ́n ń mi orí. Nígbà tí mo wá ń gbá yàrá àwọn ọmọ, mo rí báàgì kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Aṣọ Táyé ló wà nínú rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló ká dáadáa, bàtà tó ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì sì wà nínú ọ̀rá lókè.

Àárọ̀ mi nìyẹn. Láti ìgbà náà ni ara mi kò ti balẹ̀. Mo gé apá aṣọ kan sódì ní ṣọ́ọ̀bù, mo tú u, mo tún fẹ́ gé e bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì.

O kú iṣẹ́ tuntun, ọmọ mi. O kú àjò. Inú mi dùn pé o rí iṣẹ́ olùkọ́ ní Ọ̀yọ́, pé wọ́n fún ọ ní yàrá nínú ọgbà ilé ẹ̀kọ́, pé àwọn ọmọ kéékèèké ti ń pè ọ́ ní Àǹtí. Mo lè pè ọ́ lórí fóònù láti sọ gbogbo èyí. Ṣùgbọ́n o mọ̀ mí. Bí mo bá pè, wàá ní, “Màámi, ẹ fọkàn balẹ̀, mo ti ro gbogbo ẹ̀,” èmi náà á ní, “Ó dáa,” a ó wá máa sọ̀rọ̀ nípa òjò àti owó ọkọ̀. Nínú ìwé, kò sẹ́ni tó máa já lu ọ̀rọ̀ mi. Mo máa fún awakọ̀ kan ní gáréèjì lọ́la, kí ó lè dé ọwọ́ rẹ kí Sátidé tó pé.

Ọ̀rọ̀ Sátidé yẹn náà ni. O sọ fún mi pé ilé ẹ̀kọ́ ibẹ̀ dára ju ti ibí lọ, pé wọ́n ń dín owó kù fún àbúrò olùkọ́, nítorí náà lo ṣe fẹ́ wá mú Táyé lọ sọ́dọ̀ rẹ. Mo gbà. Ọjọ́ méjì ni mo fi ń yọ̀. Nígbà tí Táyé dé láti ilé ẹ̀kọ́ lónìí, mo pè é sí ṣọ́ọ̀bù pé kó wá bá mi ṣa bọ́tìnnì, mo sì bi í léèrè báàgì.

“Mo ti ń múra sílẹ̀ ni, Mọ́mì.”

“Ṣé ó wù ọ́ láti lọ?”

Ó ń ṣa bọ́tìnnì funfun sọ́tọ̀, ó ń ṣa dúdú sọ́tọ̀. “Kí Kẹ́hìndé lè ga ni. Ìyá Àgbà ní inú ikùn yín la ti jọ ń pín in, pé mò ń mu tèmi, mo tún ń mu tiẹ̀. Pé tí a kò bá sùn sábẹ́ òrùlé kan náà mọ́, tiẹ̀ á dúró sí i lára.”

“Ta ló tún sọ bẹ́ẹ̀?”

“Àǹtí Àdùkẹ́ ní òótọ́ ni. Mo gbọ́ ọ. Ìyá Àgbà fi fóònù sí sípíkà.”

Kò sunkún, Àdùkẹ́. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé iyọ̀ ti tán nílé. Ọmọ ọdún méjìlá.

Mi ò bínú sí ọ. Mo fẹ́ kí o ka gbólóhùn yẹn lẹ́ẹ̀mejì kí o tó máa ka ìyókù lọ. Mo mọ̀ pé àánú Kẹ́hìndé ń ṣe ọ́. Ìwọ náà ti gbọ́ bí àwọn ọmọ àdúgbò ṣe ń pariwo, “Táyé, pọn àbúrò ẹ, kò lè rìn!” Bí a bá sì ní kí á sọ ọ́ bí ó ṣe rí, Kẹ́hìndé ni ẹ̀gbọ́n nínú àwọn méjèèjì, òun ló rán Táyé ṣáájú kó lọ tọ́ ayé wò. Ọ̀nà méjì ni ó fi ń dun Ìyá Àgbà: pé obìnrin ga ju ọkùnrin lọ, pé àbúrò sì ga ju ẹ̀gbọ́n lọ. O rò pé o lè fi yàrá rẹ ní Ọ̀yọ́ tún un ṣe. Ọmọ dáadáa ni ọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí o fẹ́ ṣe yìí, wọ́n ti ṣe é fún ẹnì kan rí, èmi sì ni ẹni náà.

O mọ̀ pé Ìkòyí-Ilé ni mo ti parí girama. O kò bi mí rí ohun tó gbé mi débẹ̀, èmi náà kò sì sọ. Ohun tó gbé mi débẹ̀ nìyí. Ọmọ ọdún méjìlá ni mo jẹ́ nígbà tí mo ga kọjá ẹ̀gbọ́n mi Gbádébọ̀, tí ẹ ń pè ní Bọ̀dá Ìlọrin. Ó fi ọdún kan àti díẹ̀ jù mí lọ. Láàárín ọdún kan ṣoṣo, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo àárín orí rẹ̀ láti òkè. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin wá kí wa, wọ́n wò wá bí a ṣe dúró, wọ́n pàtẹ́wọ́: “Háà! Gíga ilé yìí kò mà pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ọmọbìnrin yìí á mà bù ú tán!” Ẹ̀rín ni wọ́n kọ́kọ́ fi sọ ọ́. Nígbà tí wọ́n ń padà sí Ìkòyí-Ilé, ẹrù mi wà lórí ọkọ̀ pẹ̀lú wọn.

Wọn kò fìyà jẹ mí ní Ìkòyí-Ilé. Wọ́n fẹ́ràn mi. Mo fẹ́ kí o mọ èyí, nítorí o lè máa sọ lọ́kàn pé ìwọ máa tọ́jú Táyé dáadáa. Mo mọ̀ pé wàá tọ́jú rẹ̀. Kò yí nǹkan kan padà. Ọmọ tí wọ́n gbé kúrò nílé kí ẹlòmíràn lè dàgbà mọ ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ gbé òun, bí wọ́n tilẹ̀ ń fi ẹran bọ́ ọ lójoojúmọ́.

Wàyí o, jẹ́ kí n sọ àṣìṣe tèmi, kí o lè mú ìmọ̀ràn inú wọn.

Èkíní, mo dín oúnjẹ mi kù. Kò sẹ́ni tó ní kí n dín in kù. Èmi ni mo rò ó pé bí mi ò bá jẹun púpọ̀, màá dúró síbi tí mo wà, ẹ̀gbọ́n mi á sì rí àyè. Mo máa ń fi ìdajì iyán mi sábẹ́ ewé, màá lọ jù ú fún adìyẹ. Adìyẹ ilé wọn sanra nígbà náà, wọn kò mọ ìdí rẹ̀. Títí dòní ni mi ò mọ bí ǹ bá ti ga tó. Nítorí náà nígbà tí mo rí ẹ̀kọ tí Táyé ń dà láàárọ̀ yìí, iyán abẹ́ ewé yẹn ni mo rántí. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí o má ṣe jẹ́ kí ọmọbìnrin kankan fi ebi pa ara rẹ̀ níṣojú rẹ nítorí ìwọ̀n ara. Ìwọ fúnra rẹ náà, o sọ fún mi pé o kì í jẹun kí o tó wọ kíláàsì. Jẹun, Àdùkẹ́. Jí ṣáájú agogo ilé ẹ̀kọ́, kí o jẹun.

Èkejì, mo ń ru ẹrù. Wọ́n ní ẹrù orí a máa tẹ ọmọ mọ́lẹ̀, kì í jẹ́ kó ga. Ọmọ mìíràn á máa sá fún un. Èmi ni mo ń wá a kiri. Tí wọ́n bá ń pín gbáàgúdá lóko, màá ní kí wọ́n fi ti àwọn yòókù kún tèmi. Màá dúró lẹ́ẹ̀mejì lójú ọ̀nà kí n tó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, kí ó lè tẹ̀ mí dáadáa. Ọrùn ló ń dùn mí, mi ò kúrú. Ohun tó wá kù lára mi níbẹ̀ ni ìrìn yìí, ìrìn tí bàbá yín máa ń tìtorí rẹ̀ sọ pé, “Nàró, ìyàwó, wọn kò lé ọ.” Ó ti lé ní ogún ọdún báyìí, mò ń tẹ̀ síbẹ̀. Mo ga ju bàbá yín lọ, o mọ̀, òun ni kò sì fìgbà kan ní kí n tẹ̀. Tí ọkùnrin kan bá wá bá ọ sọ̀rọ̀ ìfẹ́ ní Ọ̀yọ́, wo bó ṣe ń dúró nígbà tí ìwọ bá nàró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Èyí tó bá ní kí o bọ́ bàtà gíga nítorí tirẹ̀, jẹ́ kó máa lọ.

Ẹ̀kẹta ló ṣòro jù. Mo gba ọ̀rọ̀ wọn gbọ́. Ìdí tí mo fi gbà á gbọ́ ni pé ó ṣẹ. Mo wà ní Ìkòyí-Ilé títí mo fi parí girama. Ní ọdún kẹta, Gbádébọ̀ wá kí wa nígbà Kérésì, ó wọlé, orí mi kan èjìká rẹ̀. Ohùn rẹ̀ ti ki. Èmi kò tíì fi bẹ́ẹ̀ ga sí i ju bí mo ṣe débẹ̀ lọ. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ń pariwo káàkiri ilé: “Ẹ ò rí i? Ẹ ò rí i? Àtìgbà tó ti kúrò nílé!” Kí ni mo fẹ́ sọ? Ojú mi ló ṣe. Mo lọ, ó ga. Ta ló máa ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀?

Téèpù ló kọ́ mi pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo bí ọ tán, tí mo kọ́ iṣẹ́ aránṣọ, tí mo gba ṣọ́ọ̀bù yìí lọ́nà Sábó, yúnífọ́ọ̀mù ilé ẹ̀kọ́ ni iṣẹ́ tí mo ń rí jù. Ọmọ kan náà ni mò ń wọ̀n lọ́dọọdún. Ní ọdún àkọ́kọ́ àti èkejì ní girama, àwọn ọmọbìnrin ni ìyá wọn máa ń fà wá: “Ìyá Àdùkẹ́, ẹ wo síkẹ́ẹ̀tì tí ẹ rán ní sáà tó kọjá, ó ti dé orí itan!” Ìṣẹ́tí wọn ni mo máa ń tú. Àwọn ọmọkùnrin máa ń wọ ṣòkòtò kan náà títí ìdí rẹ̀ á fi lu. Tí ó bá wá di ọdún kẹrin, á yí padà. Ọmọkùnrin tí mo rán ṣòkòtò fún ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún á padà dé, ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ á wà níta bí ẹni tó fẹ́ sọdá odò, àwọn ọmọbìnrin á sì ti dúró sójú kan. Mo máa ń yọ ìṣẹ́tí ńlá sílẹ̀ fún ọmọkùnrin ọdún kẹta láìjẹ́ pé ìyá rẹ̀ bẹ̀ mí.

Bí mo ṣe ń ṣe é lọ́dọọdún, ọ̀rọ̀ kan sọ sí mi lọ́kàn lọ́jọ́ kan, mo jókòó tì í. Gbogbo ọmọkùnrin yìí ló ga lẹ́yìn àwọn obìnrin. Kò sẹ́ni tó gbé arábìnrin wọn lọ sí Ìkòyí-Ilé. Bí mo bá dúró sílé ní Ògbómọ̀ṣọ́, tí mò ń jẹ iyán mi tán, Gbádébọ̀ á ṣì ga ní Kérésì yẹn.

Rántí èyí nínú iṣẹ́ rẹ, nítorí olùkọ́ máa ń tètè bọ́ sínú rẹ̀. Nǹkan méjì lè tẹ̀ lé ara wọn kí èyí àkọ́kọ́ má mọ nǹkan kan nípa èkejì. Kí o tó sọ pé lágbájá ló fa tàmẹ̀dù, lọ wo àwọn tí lágbájá kò dé ọ̀dọ̀ wọn.

Mo dìde lọ wo àwọn ọmọ. Wọ́n ń jà lórí ta ló máa sùn sétí ògiri. Mo padà dé.

Mi ò fẹ́ kí o rò pé ojú ṣọ́ọ̀bù nìkan ni mo fi rí i. Mo bi ẹni tó mọ̀ ọ́n. Nọ́ọ̀sì kan wà tó máa ń gbé aṣọ ọmọ rẹ̀ wá, a ń pè wọ́n ní Ìyá Tómi, ẹ̀ka àwọn ọmọdé ni wọ́n wà ní ọsibítù. Lọ́dún tó kọjá tí Táyé bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, mo bi wọ́n bóyá ó ṣeé ṣe kí ìbejì kan mu gíga èkejì. Wọ́n wò mí bóyá mò ń ṣeré. Nígbà tí wọ́n rí i pé n kò ṣeré, wọ́n mú ṣọ́ọ̀kì tí mo fi ń sàmì, wọ́n ya egungun itan sórí àjákù kàkí kan.

“Ẹ wò ó, Ìyá Àdùkẹ́. Egungun kì í gùn láti àárín. Ibi rírọ̀ kan wà lókè rẹ̀ níbí, òmíràn wà nísàlẹ̀, ó rọ̀ bí etí yín yìí. Ibẹ̀ ni egungun tuntun ti ń jáde. Ọjọ́ tí ibẹ̀ bá gan pátápátá, gíga tán nìyẹn. Ẹ fi olúwarẹ̀ kọ́ igi, ẹ fi okùn fà á, kò sí mọ́.”

“Kí ló ń mú un gan?”

“Hòmóònù. Ohun tí ara ń pèsè fúnra rẹ̀ ni, tó ń gba inú ẹ̀jẹ̀ lọ jíṣẹ́ káàkiri ara. Ọ̀kan wà tó ń ti abẹ́ ọpọlọ wá, òun ló ń sọ fún egungun pé kó gùn. Tọkùnrin tobìnrin ló ní ìyẹn. Nígbà tí ọmọ bá wá ń bàlágà, ti obìnrin á dé, ti ọkùnrin á dé. Ti obìnrin ló máa ń yá. Tó bá dé, á ta egungun rẹ̀ jí, ọmọ á ga lójijì, bí Táyé yìí. Ṣùgbọ́n hòmóònù yẹn kan náà ló máa pa ibi rírọ̀ yẹn dé. Òun ló ń ṣílẹ̀kùn, òun náà ló ń tì í.”

“Ti ọkùnrin ńkọ́?”

“Ó máa ń pẹ́ tó bí ọdún méjì sí i kó tó dé. Ní gbogbo àsìkò yẹn, ọmọkùnrin ń ga díẹ̀díẹ̀, ìlẹ̀kùn rẹ̀ ṣì wà ní ṣíṣí. Tí tiẹ̀ bá wá ta jí, orí èyí tó ti ga tẹ́lẹ̀ ló ti máa gbéra, á sì yára ju ti obìnrin lọ. Ibi tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ń gba iwájú obìnrin nìyẹn. Èyí tó máa pa yín lẹ́rìn-ín ni pé tó bá yá, ara ọkùnrin náà á yí díẹ̀ nínú hòmóònù rẹ̀ padà di irú ti obìnrin, ìyẹn ló máa ti ìlẹ̀kùn tiẹ̀ náà.”

“Irú ti obìnrin? Lára ọkùnrin?”

“Lára ọkùnrin, mà. Ẹ má sọ fún bàbá ilé o.”

Mo rẹ́rìn-ín títí abẹ́rẹ́ fi gún mi. Mo wá bi wọ́n pé kí ló dé tí ilé kan fi ń bí ọmọ gíga, tí ilé mìíràn ń bí kúkúrú. Wọ́n ní jíìnì nìyẹn, ohun tí bàbá àti ìyá ń gbé fún ọmọ nígbà tí oyún bá dúró, ìdajì láti apá ibí, ìdajì láti apá ọ̀hún. Èyí tó kan gíga kì í ṣe ẹyọ kan, wọ́n pọ̀ jọjọ, kálukú wọn ń fi díẹ̀ díẹ̀ kún un. Wọ́n ní àwọn kan wà lórí ibi tó ń sọ ọmọ di akọ tàbí abo gan-an, pé ìyẹn náà lọ́wọ́ nínú bí ọkùnrin ṣe máa ń ga jù, àmọ́ pé àwọn onímọ̀ ṣì ń wádìí apá kan nínú rẹ̀. Mo fẹ́ràn pé wọn kò díbọ́n pé wọ́n mọ gbogbo rẹ̀.

“Táyé àti Kẹ́hìndé ńkọ́?”

“Akọ àti abo kì í ti inú ẹyin kan náà wá. Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò tí wọ́n kàn jọ wọ ọkọ̀ kan náà ni wọ́n. Ẹrù kálukú wà lọ́wọ́ kálukú. Táyé kò lè fọwọ́ kan ti Kẹ́hìndé, ì báà jẹ́ orí bẹ́ẹ̀dì kan náà ni wọ́n ń sùn títí wọ́n á fi hewú.”

Èmi ni mo wá ṣi ọ̀rọ̀ gbà níbẹ̀. Mo ní tí ó bá jẹ́ pé jíìnì ni, a jẹ́ pé oúnjẹ kò ṣe nǹkan kan. Wọ́n tọ́ mi sọ́nà kíákíá. Wọ́n ní jíìnì lè gbé nǹkan kalẹ̀ kí ebi àti àìsàn má jẹ́ kí ọmọ dé ibẹ̀. Wọ́n ní tí ọmọbìnrin bá wà nínú àsìkò tó ń ta yìí, ìgbà yẹn ló nílò oúnjẹ jù, nítorí àsìkò náà kò gùn, ó ń kọjá lọ, kì í sì í padà wá.

Ṣé o ti rí ohun tó ń lé oorun lójú mi báyìí? Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ta ló ga jù. Ìlẹ̀kùn Táyé ló ṣí nísinsìnyí. Bí o bá mú un lọ ní Sátidé, pẹ̀lú ìgbàgbọ́ yẹn lọ́kàn rẹ̀, yóò máa fi oúnjẹ sábẹ́ ewé ní Ọ̀yọ́ bí mo ṣe fi í sábẹ́ ewé ní Ìkòyí-Ilé, o kò sì ní mọ̀. Tí Kẹ́hìndé bá wá ga ní ọdún méjì sí i, bí mo ṣe rò pé ó máa ga, gbogbo ilé á pariwo pé “Ẹ ò rí i?” Táyé á gbà á gbọ́ títí ayé pé olè ni òun ti jẹ́ láti inú oyún.

Àwọn nǹkan kéékèèké tí mo fẹ́ fi kún un kí n má bàa gbàgbé. Tí ẹ bá ń to àwọn ọmọ sórí ìlà láràárọ̀, má ṣe máa pe ẹnikẹ́ni ní Kúkúrú tàbí Òpó Iná, kódà ní eré. Ọmọ máa ń gbé e délé. Má ra oògùn agolo tàbí kápúsù tí wọ́n ń polówó nínú ọkọ̀ pé ó ń mú ènìyàn ga. Mo mọ̀ pé o ti béèrè iye rẹ̀ fún Kẹ́hìndé, òun ló sọ fún mi. Tí o bá rí ọmọ kan ní kíláàsì rẹ tí kò ga rárá láti ọdún kan sí èkejì, tàbí èyí tí ara rẹ̀ ń di ti àgbàlagbà nígbà tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò tíì tó, rọra sọ fún ìyá rẹ̀ kó gbé e lọ sí ọsibítù. Rọra sọ ọ́. Má sọ ọ́ níwájú àwọn ìyá yòókù.

Kẹ́hìndé fúnra rẹ̀ ńkọ́? Mo bi í nígbà oúnjẹ alẹ́ bóyá ó gbọ́ pé Táyé ń lọ. Ó ní, “Wọ́n ní kí n lè ga ni.” Mo ní ṣé ó wù ú bẹ́ẹ̀. Ó ronú sí i, o mọ bó ṣe máa ń ṣe imú. Ó ní, “Tó bá lọ, ta ló máa bá mi mú bọ́ọ̀lù tó bá há sórí páànù?” Kò sẹ́ni tó ti bi òun náà léèrè ṣáájú.

Bí mo ṣe ń kọ eléyìí lọ́wọ́, Ìyá Àgbà jáde sí pálọ̀. Wọ́n dúró lé mi lórí.

“Kí lò ń kọ láti ìrọ̀lẹ́, Ìyá Àdùkẹ́?”

“Lẹ́tà ni, mà. Sí Àdùkẹ́.”

“Èwo ni lẹ́tà? Ṣebí Sátidé ló ń bọ̀.”

O mọ̀ pé láti ọjọ́ tí mo ti wọlé yìí, n kò já wọn ní koro rí. Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ jókòó.” Wọ́n jókòó. Mo sọ gbogbo ohun tí mo kọ sókè yìí fún wọn, àfi ọ̀rọ̀ bàbá ilé. Mo sọ ti Ìkòyí-Ilé. Wọn kò gbọ́ ọ rí. Nígbà tí mo dé ibi adìyẹ, wọ́n ní, “Ìwọ? Ìwọ ni wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ sí?”

Nígbà tó yá, wọ́n ní, “Bàbá Àgbà kúrú, o kò bá wọn láyé. Bàbá Kékeré ni wọ́n ń pè wọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì títí wọ́n fi lọ. Mo ru ẹ̀gàn yẹn fún ọkọ mi, mo tún rù ú fún ọmọ tí mo bí. Mo ní kí ó má ba ọmọ yìí ni. Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni?”

“Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, mà.”

“Ìwọ wá sọ pé á ga?”

“Mo rò pé á ga ju báyìí lọ dáadáa. Bóyá ó máa kọjá Táyé ni mi ò mọ̀. Táyé lè fara jọ mí, òun lè fara jọ bàbá wọn.”

“Bí kò bá wá ga ńkọ́?”

“Ṣé ẹ ò ní máa pè é ní ọkọ yín mọ́ ni, mà?”

Wọ́n pòṣé. “Wò ó lẹ́nu. Èmi ti rò pé ọmọ tí kò lè sọ̀rọ̀ ni ọmọ mi gbé wá sílé.” Wọ́n dìde, wọ́n dé ẹnu ọ̀nà yàrá wọn, wọ́n dúró, wọn kò wẹ̀yìn.

“Wàá kọ ọ́ síbẹ̀ pé èmi ni mo ní kó má mú un lọ. Kó má dà bí ẹni pé ìwọ lo pàṣẹ.”

Nítorí náà, Àdùkẹ́ mi, mo kọ ọ́: Ìyá Àgbà ní kí o má mú Táyé lọ. Máa bọ̀ ní Sátidé bí àlejò. Pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí o fi ẹnu ara rẹ sọ fún un pé o ṣe àṣìṣe, nítorí ẹnu rẹ ló ti gbọ́ ọ, kò ní gbà á lẹ́nu mi. Lẹ́yìn ìyẹn, tí ó bá wù ú láti wá kàwé ní Ọ̀yọ́ nígbà tó bá parí girama, a ó sọ̀rọ̀ rẹ̀ nígbà náà, òun ni a ó sì kọ́kọ́ bi.

Èmi ìyá rẹ.

Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni mo kọ ìlà yìí, awakọ̀ ti ń fọn fèrè. Mo ti ka ìwé náà fún Táyé. Ó ní kí n kà á lẹ́ẹ̀kan sí i, mo sì kà á. Aago kan kọjá ogún ìṣẹ́jú lóru àná ni mo tó dùbúlẹ̀.